Ẹ gbà mí o: ṣé futsal ò ti máa ba bọ́ọ̀lù ọmọ mi jẹ́ báyìí?

Bàbá Tòmíwá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi gidi. Ọmọ mi mọ bọ́ọ̀lù gbá. Wíǹgì ọ̀tún ni tirẹ̀, tó bá ti gba bọ́ọ̀lù báyìí, ó ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń lé e bá. Kóòṣì tuntun wá dé, ó ní futsal, bọ́ọ̀lù pápá kékeré yẹn, ni kí wọ́n máa gbá lórí kọnkéré. Kóòṣì tí kì í kí èèyàn! Mo ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, fóònù ló ń tẹ̀. Ní báyìí, ọmọ ò sáré mọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, yóò máa yí i síbí sọ́hùn-ún. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún gan-an kì í ta. Tó bá délé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, orúnkún ń dùn ún. Wọ́n tún ní kí n ra bàtà mìíràn. Ṣé kí n yọ ọ́ ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ yọ ọ́, sà. Ọ̀kan nínú àwọn tèmi gbá a, ó ṣubú, ọwọ́ kán. Títí dòní, tójò bá ti ṣú, á ní ọwọ́ ń ro òun. Ilẹ̀ líle ò mọ ọmọ ẹnì kankan.

Ayọ̀ Gólì: Ìyá Ìbejì, ṣé ọwọ́ kì í kán lórí koríko ni? Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni? Bàtà wo ló ń wọ̀? Ibo gan-an lára orúnkún?

Kóòṣì Lánre: Bọ́ọ̀lù futsal kì í ta torí bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nọ́ńbà 4 ni, ó kéré sí bọ́ọ̀lù pápá ńlá, ó wúwo tó gíráàmù 400 sí 440. Tẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀ láti mítà 2, kò gbọdọ̀ ta kọjá sẹ̀ǹtímítà 65. Ìdí tí àtẹ́lẹsẹ̀ fi níṣẹ́ nìyẹn. Pápá rẹ̀ kì í sábà ju mítà 40 ní gígùn àti 20 ní ìbú lọ, èèyàn márùn-ún sí márùn-ún, kò sí ọfúsáìdì. Tí bọ́ọ̀lù bá jáde, ìṣẹ́jú àáyá 4 péré lẹ ní láti gbá a wọlé. Ọmọ tó bá dúró ronú, wọ́n ti gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ wò ó dáadáa: kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣé ó ń bojú wẹ̀yìn? Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa jèrè rẹ̀ lórí pápá ńlá.

Ti pé ó ń rẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó rẹ̀ ẹ́! Àsápajúdé kúkúrú, dúró gbọn-in, yí padà, sá wá dínà. Kò sẹ́ni tó máa sápamọ́ sétí pápá. Wọ́n gbà kí ẹ máa pààrọ̀ èèyàn láìníye, kódà bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò ní kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù orí tàbí kírọ́ọ̀sì gígùn o. Kó máa gbá méjèèjì.

Ọmọ Bọ́ọ̀lù: Ronaldinho, Neymar, gbogbo wọn ló gbá a ní kékeré. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Délé Ọ̀tún: Kò parí. Falcão tó jẹ́ ọ̀gá nínú futsal lọ gbá bọ́ọ̀lù pápá ńlá fún ẹgbẹ́ São Paulo ní 2005, kò pẹ́ tó fi padà sídìí futsal.

Ọmọ Bọ́ọ̀lù: Max Kilman ńkọ́? Ó gbá futsal fún England, ó sì dé Premier League. Má kàn máa jiyàn ṣá.

Ìyá Ìbejì: Mo ṣì ní kí wọ́n yọ ọ́ o.

Bàbá Tòmíwá: Kóòṣì Lánre, ẹ ṣé, àmọ́ eré sísá ni ẹ̀bùn ọmọ yìí. Bàtà pápá rẹ̀ náà ló ń wọ̀, èyí tó ní eyín nísàlẹ̀. Mi ò lè ra méjì.

Ayọ̀ Gólì: Bàtà eléyín lórí kọnkéré kẹ̀! Ẹ ò tíì sọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ ò sì tíì sọ ibi tó ń dùn ún.

Bàbá Tòmíwá: Ọmọ ọdún 13. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ga lójijì ni, gbogbo ṣòkòtò ti kúrú. Ìsàlẹ̀ ojú orúnkún ni, kókó kan yọ síbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí kóòṣì yìí tó dé, kì í ṣe tuntun. Mo máa ń mú un fo àtẹ̀gùn láràárọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le.

Kóòṣì Lánre: Háà! Bàbá, ẹ ò bá ti sọ èyí látìbẹ̀rẹ̀.

Ayọ̀ Gólì: Ó jọ àìsàn orúnkún tí wọ́n ń pè ní Osgood-Schlatter, àmọ́ dókítà ló máa sọ. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọ tó ń dàgbà, níbi tí iṣan ti so mọ́ eegun ojúgun. Fífò àti eré sísá máa ń mú un le sí i. Ẹ dá àtẹ̀gùn dúró, ẹ mú un lọ sọ́sibítù. Tó bá ń tiro, tàbí tí kì í jẹ́ kó sùn, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Bàbá Tòmíwá: Àtẹ̀gùn ọ̀hún ló fún un ní eré sísá tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n màá mú un lọ. Wọ́n ní ìdíje lọ́jọ́ Sátidé, ṣé ó lè gbá ìyẹn ná?

Ayọ̀ Gólì: Rárá, sà.