Kọntírólà AC òkè ń wọlé, ó ń jáde: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin kan ni, ní Ìkẹjà. Wáyà RS-485 kan (wáyà dátà olókùn méjì) ló so gbogbo kọntírólà AC pọ̀; BACnet MS/TP ni èdè tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìyára rẹ̀ jẹ́ 38400 bit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ìsàlẹ̀ ń dáhùn dáadáa; ti òkè ń ṣe ségesège bí iná NEPA. Àdírẹ́sì wọn ò jọra, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo pa iná, mo fi mítà wọn àárín okùn méjèèjì inú wáyà náà: 40 ohm ló kà, kì í ṣe 60 tí resistor 120 ohm méjì ń fúnni. Mo fura pé resistor 120 ohm kẹta (èyí tí wọ́n ń fi sí ìparí wáyà kí àmì dátà má bàa ta padà) fara pamọ́ síbì kan láàárín, bẹ́ẹ̀ orí méjèèjì nìkan ló yẹ kó wà. Ẹni tó fa wáyà ò fi àwòrán sílẹ̀ (ìwà wọn nìyẹn!). Ṣé kí n máa tú u lọ́kọ̀ọ̀kan ni, àbí ọgbọ́n tó yá jù bẹ́ẹ̀ wà?