Owó orí obìnrin ní Abẹ́òkúta: kí ló dé tó fi jẹ́ Aláké ni wọ́n dojú kọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Lítíréṣọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìwé Aké tí Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1981, Aláké, ọba Ẹ̀gbá, ni àwọn obìnrin dojú kọ lórí owó orí. Ṣebí òyìnbó ló gbé owó orí dé?

Òpìtàn Ẹ̀gbá: Òyìnbó ló gbé e dé lóòótọ́, ní 1918, ọdún tí ogun Adúbí, ìyẹn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá dì sí ìjọba òyìnbó, bẹ́. Ṣùgbọ́n Aláké nìkan ni wọ́n fi ṣe aláṣẹ. Tẹ́lẹ̀, Ògbóni (àwọn àgbà ìlú), Ológun (àwọn olóyè ogun) àti Pàràkòyí (àwọn olóyè ọjà) ló jọ ń dá Aláké dúró, bó bá ṣìnà. Ẹ tún wo ìṣirò owó orí náà. Ká ní ṣílè 2 ni wọ́n bù fún gbogbo obìnrin: ẹni tó jèrè ṣílè 20 fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀, ẹni tó jèrè 200 fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Alátẹ ló ń jìyà jù.

Ọmọ Ìtàn: Ẹ fi kún un pé obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ, kò sì ní aṣojú kankan nínú ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ló ṣáájú. Wọ́n gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò, kí wọ́n tó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin ní 1947. Aláké fi oyè sílẹ̀ ní January 1949, ó padà ní ìparí 1950.

Ẹ má fi ìwé Aké ka déètì o, ojú ọmọdé ni Ṣóyínká fi ń wo nǹkan níbẹ̀.