Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé AI lè bá wa dín òfò kù nídìí àdìrẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àǹtí mi la jọ ń ṣe àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ọjà Ìtòkú la ti ń tà á. Mo kà nípa Taiichi Ohno tó tún iṣẹ́ tò nílé iṣẹ́ Toyota. Oríṣi òfò méje ló kà sílẹ̀, èyí tó sì burú jù lójú rẹ̀ ni kéèyàn ṣe ọjà ju iye tí oníbàárà fẹ́ lọ. Àrùn tiwa gan-an nìyẹn! Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àǹtí á ní ká ṣáà máa rẹ aṣọ lọ. Owó á wá há sára aṣọ tí kò tà. Aró tí a fi sódà àti háídírọ̀ (àwọn kẹ́míkà tí aláró ń lò) pò kò sì ṣe é tọ́jú pẹ́. Gọ́tà ni èyí tó bá ṣẹ́ kù ń lọ.

Mo fẹ́ ya ìwé ìtajà àǹtí ní fọ́tò fún ChatGPT, ọ̀kan lára àwọn AI yìí, kó bá mi wo àwọ̀ àti bátànì tó ń yá. Yorùbá tí kò lámì ló wà níbẹ̀ (ta ló ráyè àmì lójú ọjà?). Ṣé ó lè kà á láìṣì í kà? Ṣé àkọsílẹ̀ ọdún kan tó fún un, àbí àbá lásán ni yóò máa dá? Orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà, màá yọ wọ́n kúrò ná.

Lójú tèmi, ó yẹ ká kọ́kọ́ máa rẹ ìwọ̀nba ká tó pe ẹ̀rọ sí i. Àbúrò mi ní ká ṣe méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dán an wò, èwo lẹ kọ́kọ́ ṣe? Fóònù nìkan la ní o.