Ìtara ni mo máa ń gbé ti ìpàdé onímọ̀ ẹ̀rọ dé, kì í pẹ́ tó fi ń rọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́ Dátà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Mo ti ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, láti bí ọdún kan, torí mo fẹ́ bọ́ sídìí iṣẹ́ dátà. Láàárín oṣù mẹ́fà, mo ti lọ sí ìpàdé mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àdúgbò wa ṣe. Èyí tó kẹ́yìn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tá a bá ṣe sí iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ní Sátidé tó kọjá.

Fọ́tò mọ́kànlélógójì ni mo yà lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣí wọn lánàá. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo ti kọ "PÀTÀKÌ" sí lára. Àwọn róbótó kéékèèké ló wà nínú ẹ̀, wọ́n tò lórí ìlà dúdú. Ìlà pupa kan yà kúrò lára rẹ̀, ó sì tún lọ bá a níwájú. Mo wò ó, wò ó, mi ò rántí ohun tó fi ṣe pàtàkì. Ó dùn mí débi pé mo gbé fóònù jù sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìkejì, ojú máa ń tì mí. Tí wọ́n bá ti ní ká sinmi díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń wà. Obìnrin kan tó jókòó tì mí sọ pé iṣẹ́ dátà lòun ń ṣe, pé títún dátà tó rúdurùdu ṣe ló ń gba àkókò òun jù. Ó fún mi ní ímeèlì rẹ̀. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́fà báyìí, mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i, kó má lọ dà bíi pé mò ń tọrọ iṣẹ́.

Ìpàdé míì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n lọ, àbí kí n jókòó sílé kí n gbájú mọ́ ohun tí mò ń kọ́?

Bàbá Olùkọ́: Ọmọ mi, orí rẹ pé. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1885. Ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti gbàgbé ju ìdajì lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù. Ohun tó nítumọ̀ máa ń pẹ́ lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ fọ́tò tí o kò padà wò kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé gan-an, pa fóònù tì, mú ìwé, kọ ohun tó bá ṣì wà lórí rẹ. Ibi tí ọwọ́ rẹ bá ti dúró ni kó o wá wo fọ́tò. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo tó mọ iye ohun tí mi ò gbọ́ yé.

Aládàáṣe: Ẹ jókòó sílé. Mo lo odidi ọdún kan lẹ́nu ìpàdé, mi ò ní iṣẹ́ kan tí mo lè fi han èèyàn.

Àwòrán yẹn, branch àti merge ni. Róbótó kọ̀ọ̀kan jẹ́ commit, ìyẹn ìgbà kan tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ pamọ́. Ìlà pupa ni branch, ibi tẹ́ ẹ ti ń dán nǹkan wò láìfọwọ́ kan èyí tó ti dára. Ibi tó ti padà bá ìlà dúdú ni merge, ìyẹn dídà wọ́n pọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni Linus Torvalds tó dá a sílẹ̀ torí wọn ṣe Git ní 2005: wọ́n pọ̀, wọ́n sì wà káàkiri, ó di dandan kí ohun tí kálukú ṣe ṣeé dà pọ̀. Ẹ ṣe fódà tuntun lálẹ́ òní, ẹ kọ `git init`, ẹ kọ ìlà méjì sínú fáìlì kan, ẹ ṣe commit. Ẹ wá kọ `git switch -c idanwo`, ẹ yí ìlà kan padà, ẹ tún ṣe commit. Ẹ padà sí branch àkọ́kọ́, ẹ kọ `git merge idanwo`.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n Aládàáṣe, mi ò bá yín lọ síbi ká jókòó sílé yẹn o. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tó tipasẹ̀ ojúlùmọ̀ ríṣẹ́. Ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń rí ẹni náà sí. Bí 17 nínú 100 ló ń rí i lemọ́lemọ́, bí 56 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí 28 sì wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Àwọn tó bi kò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ojú mi ti rí mu: ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ wà lójoojúmọ́, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ náà ló mọ̀.

Àbúrò mi, ẹ kọ̀wé sí obìnrin yẹn lónìí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi tí mo jókòó tì yín ní Sátidé ni. Ọ̀rọ̀ dátà rúdurùdu tẹ́ ẹ sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Kí lẹ máa ń kọ́kọ́ wò tí fáìlì bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín?" Ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ìbéèrè tí èèyàn lè fi ìṣẹ́jú méjì dáhùn kì í ni í lára.

Ní ti ìtìjú, ìpàdé àkọ́kọ́ Homebrew Computer Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà, inú gárééjì kan ní Menlo Park ní California ni wọ́n ti ṣe é, lóṣù kẹta 1975. Steve Wozniak, ọ̀kan lára àwọn tó wá dá ilé iṣẹ́ Apple sílẹ̀, wà níbẹ̀, onítìjú èèyàn ni. Ẹ̀rọ tó ń tò ló ń gbé lọ sí ìpàdé, ó ń pín àwòrán rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, àwọn èèyàn fúnra wọn ló ń wá bá a. Ẹ̀rọ yẹn ló di Apple I, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ti Apple. Ẹ̀yin náà, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo.

Akẹ́kọ̀ọ́ Dátà: Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi ímeèlì náà ránṣẹ́, àyà mi ṣì ń já.

Mo ti ṣe ti Git náà. Merge àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Mo tún un ṣe, mo yí ìlà kan náà padà ní branch méjèèjì, ló bá kọ CONFLICT, ìyẹn pé àyípadà méjèèjì takora, àmì `<<<<<<<` sì wọ inú fáìlì mi. Ṣé kí n pa á rẹ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà yẹn, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín lọ sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ ṣí i síwájú ẹni tó bá jókòó tì yín.

Aládàáṣe: Mo gbà. Ẹ lọ.