Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní àti làkúrègbé nínú ìdílé kan: jíìnì wo ló yẹ ká yẹ̀ wò lára ọmọ Yorùbá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará láàbù àti ilé ìwòsàn. Oríṣi kìíní ni mò ń bèèrè o, èyí tí ọmọ ogun ara ń pa ibi tí insulin ti ń wá. Làkúrègbé tí mo ní lọ́kàn náà ni rheumatoid arthritis, tí ìka ọwọ́ méjèèjì ń le gbagidi láàárọ̀. Kì í ṣe orúnkún àgbà.

PTPN22, jíìnì kan tó ń kó ọmọ ogun ara níjàánu, lórí kromosómù kìíní, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọdún 2004 ni wọ́n so ìyàtọ̀ R620W mọ́ àrùn méjèèjì: lẹ́tà kan ló yí nínú jíìnì náà, arginine bá di tryptophan (èròjà purotéènì ni méjèèjì) ní ipò 620. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára àwa aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà! Bí láàbù òkèèrè bá wá kọ ọ́ pé "kò sí R620W", kí la fẹ́ fi ṣe?

HLA-DRB1, jíìnì tó ń ran ọmọ ogun ara lọ́wọ́ láti dá àjèjì mọ̀, lórí kromosómù kẹfà, ló kù. Ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ DRB1*04:05 ń dá kún ewu àrùn méjèèjì, àmọ́ DRB1*03:01 ti àtọ̀gbẹ ni ní tiẹ̀. Àyẹ̀wò tó bá dúró sórí "DR4" (orúkọ àpapọ̀ fún gbogbo ẹ̀yà *04) lásán kò tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ láàbù n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó tó ń ṣe HLA dé nọ́ńbà mẹ́rin (bíi 04:05)? Fún àbúrò tí ara rẹ̀ ṣì le, ṣé kò sàn ká fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ anti-GAD65 (ti àtọ̀gbẹ) àti anti-CCP (ti làkúrègbé) bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún lẹ ń tún un ṣe?