Ṣé ìràwọ̀ mẹ́rin tó láti fi owó ẹgbẹ́ wa lé àjọ aláàánú lọ́wọ́?

Ìyá Bísọ́lá (Maryland): Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ obìnrin ìlú wa níhìn-ín. Ọdọọdún ni a máa ń dá owó jọ fún iṣẹ́ àánú. Ti ọdún yìí jẹ́ 3,000 dọ́là, a sì ti fẹnu kò pé ìlera àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nílé ni a ó ná an sí. Alága wa fẹ́ kí a fún àjọ kan tí Charity Navigator, àwọn tó ń díwọ̀n àjọ aláàánú fún àwọn olùtọrẹ ní Amẹ́ríkà, fún ní ìràwọ̀ mẹ́rin, èyí tó ga jù, ṣùgbọ́n igbákejì rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó ní owó oṣù ọ̀gá àjọ náà ti pọ̀ jù. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, nítorí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a fi owó ránṣẹ́ sí àjọ kan tó ń fi fóònù dà wá láàmú, kàlẹ́ńdà kan àti lẹ́tà mìíràn tó tún ń tọrọ owó nìkan ni a sì rí gbà lọ́wọ́ wọn. Kí ni ẹ máa ń wò?

Bàbá Àrẹ̀mú: Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun. Ìràwọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ẹ mọ ohun tó ń wọ̀n. Láti 2001 tí Charity Navigator ti bẹ̀rẹ̀, ìwé owó àjọ àti bí àjọ ṣe ń ṣàkóso ara rẹ̀ ni wọ́n ń wò jù. 2020 ni wọ́n tó fi àbájáde iṣẹ́ kún un, kì í sì í ṣe gbogbo àjọ ni wọ́n ti wọn tirẹ̀. Ẹ wá Form 990 àjọ náà, ìwé owó tó ń kọ ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún, èyí tí òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi han ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, kí ẹ ṣí i sí ojú ìwé kẹwàá. Òpó mẹ́rin ló wà níbẹ̀: àpapọ̀ ìnáwó, owó tó lọ sí iṣẹ́ àánú fúnra rẹ̀, owó àkóso, àti owó tí wọ́n fi tọrọ owó. Ẹ ṣọ́ra fún òpó kejì o. Bí wọ́n bá pè yín láti tọrọ owó, tí wọ́n sì rán yín létí láàárín ọ̀rọ̀ pé kí ẹ máa fọ ọwọ́ yín, ìlànà ìṣirò lè gbà wọ́n láyè láti kọ apá kan nínú owó ìpè náà síbẹ̀, pé wọ́n ń la aráàlú lọ́yẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu bí kàlẹ́ńdà yín bá wà níbẹ̀.

Délé Ọmọ Ìlá: Ní ti owó oṣù, ní 2013, àwọn olórí Charity Navigator àti ti méjì mìíràn tó ń tú ìṣẹ́ àjọ aláàánú wò, GuideStar àti BBB Wise Giving Alliance, jọ kọ lẹ́tà sí àwọn olùtọrẹ pé kí wọ́n má fi owó àkóso nìkan díwọ̀n àjọ. Àjọ tí kò sanwó fún ẹni tí yóò lọ wò bóyá oògùn dé abúlé, owó àkóso rẹ̀ yóò kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ibi tí oògùn náà wọlé sí?

Nọ́ọ̀sì Fúnmi (London): Ẹ wo GiveWell pẹ̀lú, àjọ mìíràn tó ń yẹ àwọn àjọ aláàánú wò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007. Kì í fúnni ní ìràwọ̀. Ohun tó ń ṣírò ni iye tí ó ń náni láti gba ẹ̀mí kan là. Méjì lára àwọn àjọ díẹ̀ tó fọwọ́ sí ń ṣiṣẹ́ nílé: New Incentives ń fún àwọn ìyá ní owó díẹ̀ bí wọ́n bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, Malaria Consortium sì ń fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oògùn adènà ibà lóṣooṣù ní àsìkò òjò.

Ìyá Bísọ́lá: Ẹ ṣeun púpọ̀. Òkè Ọya ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa yóò ní ìlú tiwa ńkọ́?

Bàbá Àrẹ̀mú: Ẹ pín in sí méjì. Èyí tó bá lọ sílé, ẹ má fi sí àpò ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn kọ ohun tí wọ́n nílò, kí ẹ sanwó fún ẹni tó ń tà á tààrà, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ìyá Bísọ́lá: Mo gbọ́, sà. Mo ti ṣí ojú ìwé kẹwàá ti àwọn oníkàlẹ́ńdà yẹn lálẹ́ àná: òpó ìtọrọ owó nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Yóò wà lórí tábìlì ìpàdé ní Sátidé.