H-index 38 àti 17: olùkọ́ metabolomics wo ni kí n kọ̀wé sí?

Ará Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. PhD ni mo fẹ́ ṣe nínú metabolomics (ìmọ̀ nípa àwọn èròjà kéékèèké inú ara ohun alààyè), lórí ẹja ọ̀sà: bí àwọn èròjà inú ẹran rẹ̀ ṣe ń yí padà láàárín ìgbà tí ọkọ̀ apẹja bá gúnlẹ̀ sí ìgbà tí wọ́n bá tà á tán lọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Olùkọ́ méjì ni mo lè kọ̀wé sí, LC-MS, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó wọn ìwọ̀n wọn, ni àwọn méjèèjì ń lò. H-index (iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí àwọn ènìyàn ṣe ń tọ́ka sí pépà olùkọ́) ọ̀kan jẹ́ 38, ti èkejì 17. Ṣé kí n tẹ̀ lé èyí tó ga ni? Kí lẹ tún máa ń wò?

Ọmọ Ìkòròdú
Àbúrò, gbé h-index yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Hirsch ló gbé e jáde ní 2005, bí wọ́n sì ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: bí pépà márùn-ún bá ní ìtọ́ka 40, 12, 6, 4 àti 1, h jẹ́ 4, torí pépà mẹ́rin ló ní ìtọ́ka tí kò dín sí mẹ́rin. Bí 40 yẹn bá di 4,000 lọ́la, 4 náà ni h á ṣì jẹ́. Ibi tó ti ń tanni jẹ nídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn. XCMS, sọ́fítíwíà tó ń ṣa píìkì (àmì gíga tí èròjà ń yọ) jáde nínú dátà mass spec, pépà kan ni wọ́n fi gbé e jáde ní 2006. Káàkiri ayé ni wọ́n ń lò ó, síbẹ̀ ẹyọ kan ni h-index máa kà á sí fún àwọn tó kọ ọ́.

Tún ṣọ́ orúkọ àwa Yorùbá. Ẹnì kan lè fi àmì sórí orúkọ nínú pépà kan, kó má fi sí i nínú òmíràn, kí orúkọ bàbá ṣáájú níbí, kó kẹ́yìn lọ́hùn-ún. Scopus, àkójọ pépà àti ìtọ́ka lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lè sọ ọ́ di ènìyàn méjì, ìtọ́ka rẹ̀ á sì pín. ORCID rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí, ni kí o fi wá a. Má sì fi iye Google Scholar ti ọ̀kan wé iye Scopus ti èkejì. Google Scholar ń ka tíísìsì àti pépà tí wọn ò tíì yẹ̀wò mọ́ ọn, tirẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù.

Ìyá Láàbù
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wí, àmọ́ inú pépà gan-an ni iṣẹ́ wà. Mú mẹ́ta tó jáde kẹ́yìn lọ́wọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, kí o wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ QC, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ déédéé. Ó yẹ kí wọ́n ti bu díẹ̀ díẹ̀, bíi 10 µL, nínú gbogbo àpẹẹrẹ, kí wọ́n pò ó pọ̀ sínú ìgò kan, kí wọ́n máa fi í gba inú ẹ̀rọ lẹ́yìn àpẹẹrẹ márùn-ún sí mẹ́wàá. Ohun kan náà ni, èsì kan náà ló yẹ kó máa mú wá. Píìkì tí RSD rẹ̀ (bí iye rẹ̀ ṣe ń yàtọ̀ síra) bá ju 30% lọ nínú QC, ẹ̀rọ ló ń yí, kì í ṣe ẹja. Kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Pépà tí ò bá sọ nǹkan kan nípa QC àti blank (èyí tí kò ní àpẹẹrẹ nínú), iye ìtọ́ka yòówù kó ní, mi ò lè gbé iṣẹ́ lé e.

Lẹ́yìn náà, wá nọ́ńbà dátà: ibi ìpamọ́ dátà méjì ló wà, MTBLS ló ń bẹ̀rẹ̀ bó bá wà ní MetaboLights, ST bó bá jẹ́ Metabolomics Workbench. Ṣí i. Fáìlì mzML (irú tí sọ́fítíwíà púpọ̀ lè ṣí) tàbí èyí tó ti inú ẹ̀rọ jáde ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe tábìlì Excel nìkan. Dátà tí ẹlòmíràn ò lè tún lò, ibo ni iṣẹ́ náà fẹ́ dé?

Wo ìpele ìdánimọ̀ náà, ìyẹn bó ṣe dá wọn lójú tó pé èròjà tí wọ́n dárúkọ ni. Láti 2007 ni wọ́n ti pín in sí mẹ́rin. Ìpele 1 ni pé wọ́n ra ojúlówó èròjà náà, wọ́n fi í gba inú ẹ̀rọ kan náà, àkókò tó jáde àti MS/MS rẹ̀ (àwọn àjákù tó fọ́ sí) sì bá ti àpẹẹrẹ mu. Ìwọ̀n nìkan ò tó: glucose àti fructose, 180.0634 ni àwọn méjèèjì.

Ará Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ti ẹja ńkọ́? Ṣé yìnyín tó láti fi gbé e dé láàbù?

Ìyá Láàbù
Kò tó. Bí ẹja bá ti kú, ATP (èròjà agbára) inú ẹran rẹ̀ á máa já lọ sí ADP, AMP, IMP, inosine, títí dé hypoxanthine. IMP wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹja tútù dùn lẹ́nu, hypoxanthine korò. Yìnyín á dín eré rẹ̀ kù, kò ní dá a dúró. Nitrogen olómi ni kí o gbé lọ sétí omi, má sì dé agolo rẹ̀ pa, ó lè bú gbàmù. Gé ẹran funfun ẹ̀yìn ẹja, ojú ibì kan náà lára gbogbo wọn, má jẹ́ kí awọ tàbí ẹran pupa abẹ́ awọ bá a. Kọ iye ìṣẹ́jú tó ti lò látìgbà tó ti kúrò nínú omi. Ní láàbù, lọ̀ ọ́ bó ṣe ṣì dì, wọn 100 mg, da 1 mL methanol 80% tó ti tutù dé -20°C lé e, fi centrifuge yí i ní 4°C, fa omi orí rẹ̀, kó o gbé e sí -80°C.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà rèé: inosine lè fọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ kó tó wọlé. Ìwọ̀n 269.0880, pẹ̀lú proton kan lára rẹ̀, ló yẹ kó hàn. Bó bá gbé sodium dání, 291.0700. Bí ṣúgà ara rẹ̀ bá já kúrò, ó di 137.0458, ìwọ̀n hypoxanthine tó gbé proton dání gẹ́lẹ́. Èròjà kan ti di mẹ́ta lórí tábìlì, ẹja àárọ̀ yìí sì ti dà bí ti ìjẹta. Àkókò ló ń yà wọ́n: 137.0458 tó bá jáde ní ìṣẹ́jú kan náà pẹ̀lú inosine, àjákù ni. Hypoxanthine gidi ní àkókò tirẹ̀.

Ọmọ Ìkòròdú
Gbólóhùn ìyá yìí gan-an ni kí o fi sínú lẹ́tà sí àwọn méjèèjì, àbúrò: báwo ni wọ́n ṣe ń ya hypoxanthine gidi kúrò lára àjákù inosine? Ẹni tó bá fi chromatogram (àwòrán àkókò tí èròjà kọ̀ọ̀kan jáde) dá ọ lóhùn ni kí o bá lọ, ì báà jẹ́ 17 ni h-index rẹ̀.